Etí Ìyá Mi Kì Í Ṣe Ti Yín

Wọ́n ti gbé ibùsùn ìyá mi dé ẹnu ọ̀nà kí n tó dé. Ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní awakọ̀ la ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ilé wa, apá irin rẹ̀ méjèèjì sì ń ki ẹrù bọ inú ara rẹ̀: àpótí aṣọ, àga tí bàbá mi máa ń rọ̀gbọ̀kú sí nígbà ayé rẹ̀, ìkòkò omi, ẹní ìkírun tí wọ́n ti ká. Ìyá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú aṣọ àńkárá rẹ̀ tó dára jù, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ lọ kí ọmọ tuntun.

"Múdà, o dé lásìkò," ló wí. "Wọ́n ní kí n lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fẹ́ bá mi kun ilé."

Ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ọlátẹ́jú ni, òṣìṣẹ́ Àjọ Ìtọ́jú Àgbàlagbà ní ìlú wa, Òkè-Ọsàn. Mo mọ̀ ọ́n. Ó máa ń gbọ́ ètò mi lórí rédíò. Ó na gíláàsì ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ sí mi, kò sì wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n Múdà, Màmá ti tẹ̀ka," ló sọ.

Mo kà á. Kò sí ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, kò sì sí ọ̀dà. Ohun tí wọ́n kọ ni pé Ṣìfáwù, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, kò ní làákàyè tó pé mọ́ gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò ṣe fi hàn; pé ó gbà láti máa gbé ní Ilé Ìtọ́jú títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé; àti pé ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ ní ọdún méjìléláàádọ́ta sẹ́yìn ti di ti Àjọ, tí wọn yóò wó o ní ìparí oṣù.

"Ta ló sọ fún un pé ẹ fẹ́ kun ilé?" Mo ti ń pariwo. "Àgbà tó bí ọ lẹ́ẹ̀mejì lo fi irọ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò parọ́. Òfin ní ká gba gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ."

Ó tẹ nǹkan kan láyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn òun fúnra rẹ̀ jáde, ó ṣe ketekete, ó sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: "Màmá, ẹ fetí sí mi dáadáa. Tí ẹ bá tẹ̀ka síbí, ẹ ò ní padà sínú ilé yìí mọ́ láéláé. A máa wó o palẹ̀. Ṣé ó yé yín?" Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá mi: "Ó yé mi, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù kún yín. Ọ̀dà funfun ni kí ẹ lò o, mi ò fẹ́ búlúù."

Mo yíjú sí ìyá mi. Ìtòsí wa ló wà, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà sọ ló ta sí i létí. Ó mi orí, inú rẹ̀ dùn.

"Ṣé ìwọ náà ti gbọ́ ọ báyìí?" ló bi mí. "Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́, wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

Mo sún mọ́ ọn, mo tẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ṣe ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi.

"Màmá," mo wí, "láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi, ọbẹ̀ yín ò dùn rí. Omi gbígbóná lásán ni."

Ọlátẹ́jú fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

"O ṣeun, ọmọ mi," ló dáhùn. "Èmi náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń se ẹ̀gúsí bíi tèmi ládùúgbò yìí. Tí mo bá dé, màá sè é fún ọ."

Lẹ́yìn etí rẹ̀ ọ̀tún, ohun kékeré kan tó dà bí ìkarahun ìgbín ń tan iná tútù, ó ń ṣẹ́jú. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí ìbínú yẹn fi fẹ́ pa mí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ìlú ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn fi mọ̀ mí ni ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé lórí rédíò ìlú wa. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ ju oúnjẹ lọ. N kì í kọ nǹkan sílẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ohun tó bá wá sí mi lẹ́nu nípa kọ̀ǹpútà, fóònù àti gbogbo irinṣẹ́ tuntun ni mo ń sọ, àwọn èèyàn á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo ti bú fáànù tó ní òun ò ní fẹ́ nínú oṣù ooru àfi tí a bá kọ́kọ́ gba àtúnṣe tuntun fún un. Mo ti bú ìkòkò ìdáná tó kọ̀ láti dín dòdò fún mi nítorí pé ó ti bá dókítà mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Mo máa ń sọ pé ẹ̀rọ tí kò bá ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á kì í ṣe ìránṣẹ́, ọ̀gá ni. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, tó wúwo bí ọmọ ọlọ, mo ní ó sàn ju gbogbo èyí tí wọ́n ń ṣe lónìí lọ, torí pé o lè ṣí ìdí rẹ̀ kí o sì rí ìfun rẹ̀.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo yìn láìfi èébú kankan kún un. Adùnlétí, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ni. Ọdún kẹrin ni ìyá mi ti wà láìgbọ́ràn nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é gbé e wá sí Òkè-Ọsàn. Ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i létí, ó gbọ́ òjò lórí páànù, ó sì sunkún. Mo gbé ìyá mi lọ sórí rédíò. Mo ní ẹni tó bá ní òbí tí etí rẹ̀ di tí kò ra Adùnlétí fún un, ọ̀dájú ọmọ ni. Ibẹ̀ ni ìwé àdéhùn wọn ti yọ lójú fóònù mi, ó gùn bí ọ̀nà Ìlọrin. Gbogbo ìlú gbọ́ bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ta ló ń ka èyí bí kì í ṣe ẹni tí kò níṣẹ́?" Mo sì fi ìka tẹ "Mo gbà" lórúkọ ìyá mi. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó lé ní irinwó àgbàlagbà tó gbé Adùnlétí sétí ní ìlú wa.

Mo bẹ Ọlátẹ́jú pé kó dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ó ní òun lè sọ fún àwọn ọ̀gá òun pé apá ọkọ̀ náà bàjẹ́, pé títí di ọjọ́ Ajé ni, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù padà wọlé pẹ̀lú ọwọ́ wa. Ìyá mi bínú díẹ̀ pé a ti sún ìsinmi òun síwájú.

Ọ́fíìsì Adùnlétí wà lórí òkè, ilé gíláàsì funfun tí a lè rí láti gbogbo ìlú. Obìnrin tó ń darí rẹ̀ ń jẹ́ Ìbíyẹmí. Kò tíì pé ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Ó ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀. Òun ló dúró tì mí lọ́jọ́ tí mo ń yìn wọ́n.

"Bọ̀dá Múdà, ẹ jókòó. Kí ni ká fi ṣe yín lálejò?"

"Kí lẹ ṣe sí etí ìyá mi?"

Kò díbọ́n. Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí nìyẹn, pé kò tilẹ̀ rí ìdí tó fi yẹ kó díbọ́n.

"Ìtura ni," ó wí. "Àtúnṣe tí a fi ránṣẹ́ sí gbogbo etí ní oṣù méje sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ń wọlé bó ṣe wà. Èyí tó bá lè ba àgbàlagbà nínú jẹ́, ìròyìn burúkú, èébú, ìhalẹ̀, Ìtura á rọ̀ ọ́ kó tó dé inú, á sì fi ohùn ẹni tó sọ ọ́ gan-an sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti lọ sílẹ̀ láàárín wọn. Bọ̀dá Múdà, ṣé ẹ ti rí ìyá àgbà kan tó ń sunkún ní Òkè-Ọsàn láti oṣù méje?"

"Ẹni tí kò mọ̀ pé àbúrò òun kú, kí ló fẹ́ sunkún sí?"

Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni èmi fúnra mi tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn, Àǹtí Ráfátù, àbúrò kan ṣoṣo tí ìyá mi ní, kú ní Ọ̀fà. Èmi ni mo wọlé lọ sọ fún un láàárọ̀. Ó wò mí, ó ní, "Bá mi kí i o. Sọ fún un pé orúnkún ló ń dá mi dúró." Mo jáde, mo sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé ọpọlọ Màmá ti ń lọ. A sin òkú láìmú un dání. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá ti bi wá pé kí ló dé tí Ráfátù ò pe òun mọ́, a máa wo ara wa lójú, a máa tún un sọ, á sì máa dúpẹ́. Àwa la ké sí àwọn alàyẹ̀wò. Wọ́n bi í ní ìbéèrè tó le, ó dáhùn ohun tí ẹ̀rọ sọ fún un, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní làákàyè mọ́. Ìyá mi tí làákàyè rẹ̀ mú ju tèmi lọ.

Mo dìde dúró. "Etí ìyá mi kì í ṣe ti yín!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ìbíyẹmí dáhùn, ó sì fa ìwé àdéhùn náà yọ lójú tábìlì. "Ìpínrọ̀ kọkànlélógójì. Etí jẹ́ ti Màmá. Ohun tí etí náà bá gbọ́ ni tiwa. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ 'Mo gbà'."

Ẹ̀rín ara mi lọ́jọ́ yẹn dún padà sí mi nínú orí. Ó fẹ́ ṣe mí bí ẹni pé kí n fi orí gbá gíláàsì.

Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ sí i. Ó ní àwọn lè yọ Ìtura kúrò létí ìyá mi lọ́jọ́ yẹn gan-an, láìjẹ́ kó pẹ́. Ìyá mi á máa gbọ́ ohun gbogbo bó ṣe rí, wọ́n á sì kọ lẹ́tà sí Àjọ pé kí wọ́n tún àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe. Kí n ṣáà tẹ̀ka pé mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Àwọn irinwó yòókù ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ wọn ló tẹ̀ 'Mo gbà' fún wọn. Bíi tiyín."

"Tí mo bá fi ọwọ́ ara mi ṣí ẹ̀rọ náà ńkọ́?"

"Yóò kú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì ní jí mọ́. Màmá ò ní gbọ́ràn mọ́ láyé, torí egungun etí tí a bá ti rì òòfà wa sí kì í gba ẹ̀rọ òmíràn. Ẹ̀yin náà mọ òfin. Wọ́n á yọ yín lórúkọ."

Mo mọ òfin náà. Ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ oníẹ̀rọ, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú gbogbo ẹ̀rọ fún ọdún kan. Ilẹ̀kùn ò ní dá a mọ̀, iná ò ní tàn fún un, ọkọ̀ ò ní gbé e, rédíò ò ní gba ohùn rẹ̀.

N kò ní parọ́ fún yín: mo na ìka sí ojú tábìlì yẹn. Mo rí ìyá mi lọ́kàn mi lábẹ́ òjò, tó ń gbọ́ bó ṣe ń kán. Ìka mi ku díẹ̀ kó kan gíláàsì kí n tó rántí pé irú ìka yìí kan náà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo fà á padà, mo jáde. Mo fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, mo ń bú wọn, mo ń bú ara mi, àwọn tí mo ń pàdé lọ́nà sì ń yà fún mi.

Bí mo ṣe délé, mo mú ìwé àti bírò. N kò lè fi ẹnu sọ ọ́ fún un, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di oyin. Mo kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: "Àǹtí Ráfátù ti kú láti oṣù márùn-ún. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ tó wà létí yín ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́."

Ogún ọdún ni ìyá mi fi ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Òun ló máa ń ka ìwé kó tó lọ sábẹ́ ẹ̀rọ, kí àṣìṣe má baà wà níbẹ̀. Bó ṣe máa ń kàwé nígbà náà ló ṣe ka tèmi, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó kà á dé ìparí. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Ráfátù wo?" ló bi mí.

Mo la ẹnu láti dáhùn, mo rántí, mo pa á dé. Mo kàn mi orí.

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó já ìkarahun náà kúrò lára òòfà tó fi dúró lẹ́yìn etí rẹ̀, ó sì gbé e sórí ẹní bí ẹni gbé kòkòrò. Lẹ́yìn náà ló kígbe. Adití kì í mọ bí igbe òun ṣe tó. Àwọn ará ilé kejì sáré wọlé, mo sì ń fọwọ́ ṣe fún wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Nígbà tó dákẹ́, ó ti ìwé náà sí mi. "Ọjọ́ tí o sọ fún mi, kí ni mo fi dá ọ lóhùn?"

Ó wù mí kí n rọ ọ̀rọ̀ náà. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ó wù mí. Àmọ́ mo kọ ọ́ bó ṣe rí: "Ẹ ní kí n bá yín kí i."

Ó ká ìwé náà, ó fi bo ojú. "Kí làwọn ará Ọ̀fà máa rò nípa mi?" ló ń tún sọ. "Kí làwọn ọmọ Ráfátù máa rò?" Nígbà tó ṣe, ó gbójú sókè, ojú náà sì ti yàtọ̀. "Ta ló fún wọn láṣẹ?"

Mo fi ìka kan àyà ara mi.

Ó wò mí. Ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó jókòó sórí ẹní rẹ̀ ó sì kẹ̀yìn sí mi títí oòrùn fi yẹ̀ dáadáa. N kò kúrò ní yàrá náà. Ìgbà tó yíjú padà, ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀, láìfi ìkankan pa mọ́: Ìtura, Àjọ, ilé, ohun tí Ìbíyẹmí fi lọ̀ mí. Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta. Ó kà á tán.

"Ẹ̀rí wà nínú ẹ̀rọ yìí?"

Mo kọ pé ó wà, pé ó ń pa ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ mọ́, pé tí mo bá ṣí i yóò kú, pé kò ní gbọ́ràn mọ́. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ "kò ní gbọ́ràn mọ́".

"Mo ti rí i," ló wí. "Ní ilé ìtẹ̀wé wa, ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ padà, lílé ni wọ́n ń lé e. Wọn kì í bi í pé ṣé ó fi inú rere ṣe é. Ṣí i."

Mo gbé kọ̀ǹpútà bàbá mi jáde. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó mọ̀ pé ó ṣì wà láyé, kò sì sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún un láti òkèèrè. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ kékeré la ìkarahun náà, mo so okùn mọ́ ọn. Ìyá mi gbé àga sún mọ́ mi kó lè rí i. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ń yọ ní ìlà méjìméjì: ohun tó wọlé, àti ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. "A máa wó o palẹ̀." Lábẹ́ rẹ̀: "A máa bá yín kùn ún." Bí a ṣe ń wò ó, iná tútù yẹn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọlátẹ́jú dé. Mo fi ìlà méjìméjì náà hàn án. Ó fi wé ohùn tó wà láyà aṣọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ó jókòó. Ó bẹ ìyá mi pé kó jẹ́ kí òun tún un yẹ̀ wò, ó sì kọ ogún ìbéèrè sílẹ̀ fún un. Ìyá mi dáhùn ogún náà, ó tún fi bírò pupa tún àmì ohùn méjì tí kò tọ́ nínú ìbéèrè rẹ̀ ṣe. Ọlátẹ́jú pa ìwé àkọ́kọ́ rẹ́ níṣojú wa, ó sì kọ òmíràn pé làákàyè Ṣìfáwù pé, ilé rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀.

Inú mi dùn. Mo fẹ́ fọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Àfi bí mo ṣe rí i pé omi ti dà lójú ọkùnrin náà.

"Mọ́kànlá," ó wí.

"Mọ́kànlá kí ni?"

"Mọ́kànlá ni mo ti kó lọ láàárín oṣù méjì, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló ń ṣàdúrà fún mi. A ti wó ilé mẹ́rin."

Mo ní màá sọ ọ́ lórí rédíò kí wọ́n tó yọ mí lórúkọ. Ìyá mi ka ẹnu mi díẹ̀, ó ka ìwé mi ìyókù, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Rédíò? Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ? Bó o bá ti ń sọ ọ́, etí wọn á máa tún un sọ pé o ń kí wọn."

Òun ló ronú ọ̀nà tó tọ́. Ó lọ bá Bàbá Láwọyin, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, tó ní pátákó dúdú nílé rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ nù. Mo kọ ọ́ fún un bí mo ṣe kọ ọ́ fún ìyá mi. Bàbá náà já Adùnlétí rẹ̀ kúrò, ó gbé pátákó lé èjìká. Ọjọ́ méjì gbáko ni àwọn méjèèjì fi ń ti ilé dé ilé, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ àti páálí ṣọ́ọ̀kì. Èmi ń tẹ̀ lé wọn. Mo rí bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń ka pátákó náà, tí wọ́n á wá yíjú sí àwọn ọmọ wọn láti béèrè pé kí ni wọ́n ti sọ fún àwọn láti oṣù méje. Bàbá kan gbọ́ pé ọmọ òun ti wà lẹ́wọ̀n. Ìyá kan gbọ́ pé ìyàwó ọmọ òun kórìíra òun, ó sì ní òun ti fura. Ẹnì kan lé wa jáde. Ó ní kí a fi òun sílẹ̀ sínú ìgbádùn òun. Ìyá mi ní kí n fi í sílẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló yàn án.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀kùn ilé mi ò dá mi mọ̀ mọ́. Wọ́n ti yọ mí lórúkọ. Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde, pẹ̀lú ọdún mọ́kànléláàádọ́ta lórí mi, mo sì fi ẹsẹ̀ gun òkè.

Wọ́n ti dé síbẹ̀ ṣáájú mi. Kò dín ní igba àgbàlagbà tó kún iwájú ilé gíláàsì náà, àwọn mìíràn lórí àga tí wọ́n gbé wá láti ilé. Wọ́n ti kó Adùnlétí wọn sínú àpò. Kò sí ariwo. Ìbíyẹmí jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ó ń sọ ohùn rẹ̀ tó tutù yẹn.

"Ẹ̀yin òbí wa, ẹ káàárọ̀. Inú wa dùn láti rí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sílé, a ó wá bá yín lọ́kọ̀ọ̀kan."

Kò sẹ́ni tó mira. Ó tún un sọ. Ó fi kún ohùn. Ó wò mí, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Bọ̀dá Múdà, ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Wọn ò lè gbọ́ mi," mo dá a lóhùn.

Bàbá Láwọyin ti rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́, ó tọ́ka sí ògiri dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wọn. Ìbíyẹmí kọ ọ́ kékeré: "A ṣe é fún ìlera yín."

Ìyá mi kà á. Ó fi ohùn adití, tó ga tó sì le, sọ ọ́ kí gbogbo òkè gbọ́: "A ò bi ọ́ níyẹn! Àwọn tí ẹ fi irọ́ lé kúrò nílé wọn, orúkọ wọn ni ká rí!"

Ìbíyẹmí ní òun ò mọ orúkọ wọn. Mo rò pé òótọ́ ló sọ. Ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú.

Ẹnì kan là láàárín èrò láti ẹ̀yìn. Ọlátẹ́jú ni, nínú aṣọ iṣẹ́ Àjọ, tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun bí òun bá gbé ìgbésẹ̀ kan sí i. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ obìnrin náà. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó kọ orúkọ kìíní sára ògiri, gàdàgbà, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé: Rábíátù Àlàké. Igba ẹnu àgbà kà á pọ̀, láìbá ara wọn mu, ó dún bí òkúta tó ń yí lórí òkè. Ó kọ ìkejì. Wọ́n kà á. Ní ìkẹrin, ẹni tí wọ́n ti wó ilé rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ṣẹ́ mọ́ Ọlátẹ́jú lọ́wọ́, ó sì já bọ́.

Kò lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó fi iwájú orí ti ògiri. Ìbíyẹmí ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ṣa èyí tó gùn jù nínú rẹ̀, tó sì dà á padà sí i lọ́wọ́.

Ọlátẹ́jú kọ orúkọ ìkarùn-ún.